Lẹ́tà Ìbẹ̀rẹ̀ Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ìsinmi, ẹ sì kú ìpalẹ̀mọ́ sáà tuntun. Èsì ìdánwò ti wà lọ́wọ́ yín, n kò ní tún un sọ níbí. Ọ̀rọ̀ ìlera ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí òun ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn àyípadà tí ẹ ó rí ní sáà yìí.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn, àgbà ni a máa ń kà wọ́n sí lọ́rùn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ti fìdí múlẹ̀ láti kékeré. Ìyàn ńlá mú ní Netherlands lásìkò ogun, láti òpin ọdún 1944 wọ 1945. Nígbà tí àwọn tó wà nínú oyún lákòókò náà dàgbà, ara wọn kò kápá ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bíi ti àwọn tí a bí kí ìyàn tó dé.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù nínú ọgbà wa ni òjé, irin olóró tí wọ́n ń pè ní lead lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà nínú ọ̀dà àtijọ́ tó ń ṣí lára ògiri, nínú bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀, àti nínú eruku ibi iṣẹ́ tí àgbà ń gbé wọlé lára aṣọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu. Bí ọmọdé àti àgbà bá gbé iye kan náà mì, ara ọmọ lè fà á tó ìlọ́po 4 sí 5 ti àgbà. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́: ọmọ kò ní lè fọkàn sí iṣẹ́, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, a ó sì máa pè é ní olóríkunkun. (Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ tó nínú yàrá olùkọ́.)

Oúnjẹ náà lọ́wọ́ sí i. Ọmọ tí èròjà irin tàbí kálísíọ́mù kò tó lára rẹ̀ ń fa òjé ju ọmọ tó jẹun re lọ. Egungun a sì máa tọ́jú òjé pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọbìnrin bá dàgbà tó sì lóyún, òjé náà lè jáde lọ bá ọmọ inú rẹ̀.

Nítorí náà, a ti ní kí wọ́n yẹ ọ̀dà ilé àtijọ́ wò. Kí èsì tó dé, àwọn ọmọ kékeré kò ní wọ ibẹ̀, aṣọ tútù ni a ó sì máa fi nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀. A kò ní sun ìdọ̀tí nínú ọgbà mọ́. Ẹ̀yin náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bí ẹ bá ń dúró de ọmọ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ní ikọ́ fée (asthma) wà láàárín àwọn ọmọ wa.

Ẹ má fojú kékeré wo ọ̀fun dídùn. Irú kan wà tí bakitéríà ń fà, tó wọ́pọ̀ lára ọmọ ọdún 5 sí 15. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ọkàn jẹ́ títí ayé. Bí dókítà bá kọ oògùn, kí ọmọ lò ó tán, kódà bí ara bá ti yá lọ́jọ́ kejì. A kò ní bá ẹni tó dúró sílé nítorí rẹ̀ wí.

Omi nìkan ni ọmọ lè gbé wá nínú ìgò; ohun mímu aládùn, rárá. Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn. Olùkọ́ kankan kò sì gbọdọ̀ gba àkókò eré lọ́wọ́ ọmọ láti fi jẹ ẹ́ níyà mọ́: ó kéré tán, wákàtí kan lójúmọ́ ló yẹ kí ara wọn fi máa jí pépé.

Fọ́ọ̀mù kan wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ẹ kọ àjẹsára tí ọmọ ti gbà sí i, àti bóyá ẹnì kan nílé ń ṣiṣẹ́ bátìrì, ọ̀dà tàbí irin yíyọ́. Nọ́ọ̀sì wa nìkan ni yóò rí i, òun ni yóò sì sọ fún yín bí ó bá yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò. Ẹ dá a padà kí ọ̀sẹ̀ kejì sáà tó parí.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Àgbà Ilé-Ẹ̀kọ́