Ìpè fún ìdáwó: ilé ìyangàrí fún ìrántí Ìyá Onígàrí

Ẹ̀yin ọmọ ìlú nílé, l'Ékòó àti lókè òkun, ẹ kú àkókò yìí o.

Ìrántí ọdún kan Ìyá Onígàrí ti ń sún mọ́lé, ohun tí ọ̀pọ̀ yín sì ń bèèrè ni aṣọ tí a ó rà. Kò sí aǹkóò lọ́tẹ̀ yìí. Owó tí à bá fi ra léèsì ni ká fi tún ahéré ìyangàrí kọ́. Ibẹ̀ ni Màmá ti fi agbada tọ́ àwọn ọmọ, àwọn ọmọ-ọmọ, àti ọmọ ọlọ́mọ tí wọ́n san owó ilé ìwé fún láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́.

Ojúlówó gàrí Ìjẹ̀bú ni tiwọn: funfun, kò sí epo níbẹ̀, ó kúná, ó sì kan. Ẹ̀gẹ́ tó bá ti lò tó ọdún kan nílẹ̀ ni wọ́n máa ń rà; omi ló pọ̀ nínú èyí tí kò tíì gbó. Ọjọ́ tí wọ́n bá fà á tu náà ni wọ́n ń bó o, torí bó bá fi di ọjọ́ kẹta, ìlà dúdú á ti yọ nínú rẹ̀, àwọ̀ gàrí á sì bàjẹ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, ó di ọjọ́ karùn-ún kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ jáàkì tó ń fún omi rẹ̀ jáde. Ibí yìí gan-an ni àwọn oníkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á fún un lọ́jọ́ kejì kí owó lè tètè wọlé, gàrí náà kò sì ní kan. Adùn nìkan kọ́ ló sì ń bá a lọ. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù. Rírin àti kíkan ló ń lé púpọ̀ nínú rẹ̀ jáde, iná agbada á wá lé ìyókù.

Bó bá ti gbẹ débi tó lè fọ́ lọ́wọ́, ó kan ajọ̀, ó kan agbada, díẹ̀díẹ̀ ni. Èyí tó bá tutù jù á di kókó. Bí iná bá le jù, ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, inú rẹ̀ á tutù, á sì bu nínú àpò. Màmá kì í di gàrí gbígbóná: wọ́n á tẹ́ ẹ títí yóò fi tutù dénú. Omi tútù ni wọ́n fi ń dán an wò. Gàrí tó bá wú ní ìlọ́po mẹ́ta nínú ife ti yege.

Ẹ̀fín ahéré yẹn ló pọ́n wọn lójú títí ọjọ́ ogbó. Nítorí náà, ààrò ni olórí iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe. Ìta ògiri ni ẹnu iná yóò wà, kí ẹni tó ń yan gàrí má bàa jókòó ti èéfín, ihò èéfín yóò sì fi mítà kan ga ju òrùlé lọ. Amọ̀ ni a ó fi mọ bíríkì ààrò. Sìmẹ́ǹtì máa ń sán bí iná bá ń bá a fínra lójoojúmọ́.

Ilé náà yóò jẹ́ mítà 9 sí 5, ògiri rẹ̀ yóò ga tó mítà 1.2 kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Búlọ́ọ̀kù onínáìnì (oní-íǹṣì mẹ́sàn-án) bíi 330 ni yóò gbà. Ẹ jẹ́ ká ra 350, torí àfọ́ kì í wọ́n. Jáàkì tọ́ọ̀nù 30 méjì la fẹ́, pẹ̀lú férémù irin tó nípọn, torí èyí tó fẹ́lẹ́ á tẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ tó fún tán. Irin tí kì í dípata ni kí ojú ẹ̀rọ ìrin jẹ́. Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ń dípata sínú gàrí. Ẹ má gbàgbé ìbòrí bẹ́líìtì, ó ti ń fa ìró obìnrin jù. Omi ẹ̀gẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàn sódò mọ́, ẹja ló ń pa: gọ́tà yóò gbé e lọ sínú kòtò tó jìnnà sí kànga ní ọgbọ̀n mítà ó kéré tán.

₦25,000 ni ti òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin bí obìnrin. ₦100,000 ni ti ẹni tó wà lókè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kò jẹ gbèsè. Ẹgbẹ́ régbérégbé tó bá gba jáàkì tàbí ẹ̀rọ ìrin, kó ra á kó sì gbé e wá. Ìlérí ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. Àkáǹtì ẹgbẹ́ nìkan ni kí ẹ sanwó sí, kí ẹ kọ orúkọ àti agbo ilé yín mọ́ ọn, kí ẹ sì gba rìsíìtì lọ́wọ́ akápò. Kí owó pé kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọjọ́ méje ni a ó fi máa bomi rin ilẹ̀ kọnkéré kó tó gbà ẹrù. Owó tó bá ṣẹ́ kù, bẹ́líìtì àti òróró ẹ̀rọ ni yóò lọ sí.

Ọ̀pọ̀ yín máa ń wálé fún Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni a ó ṣí ilé ìyangàrí náà. Orúkọ Màmá nìkan ni yóò wà lára ògiri, kò sí ti olùdáwó kankan. Ẹni tó bá ní fọ́tò wọn nídìí agbada, kó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé: aṣọ òde ni wọ́n wọ̀ nínú gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ wa.

Ìgbìmọ̀ Ìdàgbàsókè, lórúkọ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú.