Ẹyin kan ti di 250 náírà ní Àkúrẹ́, ta ni ká fi ẹjọ́ sùn?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, n kò kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn kankan, àmọ́ ohun tójú mi rí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́. Mo fún ọmọ ọmọ mi ní 1,000 náírà kó lọ ra ẹyin márùn-ún wá ní ìsọ̀ tó wà ní ìkọ́rí àdúgbò wa ní Òkè-Àró. 200 náírà la ti ń ra ẹyọ kan. Ìyẹn gan-an ń dùn wá, a kàn ń gbé e mì ni. Ọmọ dé, ẹyin mẹ́rin ló wà nínú ọ̀rá. Mo ní, "Ìkan tó kù ńkọ́? Ṣé o ti fọ́ ọ ni?" Ó ní rárá o, 250 ni wọ́n ń ta ẹyọ kan báyìí.

Mo wọ bàtà, mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ síbẹ̀. Onísọ̀ ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí fóònù tó ń tẹ̀. "Màámà, ẹ má bínú, wọ́n ti fowó lé e." Mo bi í pé ta ni "wọ́n" yìí. Ó ní àwọn tó ń kó o wá. Mo padà sílé, mo da omi sínú abọ́, mo kó ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Mẹ́ta rì, wọ́n dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ sísàlẹ̀. Ẹ̀kẹrin léfòó bíi kèrègbè. 250 náírà mi ló ń yí gbiri lórí omi yẹn, Olóòtú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí náà mọ ọ̀rọ̀ ẹyin yìí, n kò ní máa ṣàlàyé ẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní a-b-d. Nílé tèmi, mọ́ínmọ́ín tí a ń pè ní ẹlẹ́mìí méje nígbà kan ti di ẹlẹ́mìí kan àbọ̀. Òwú ìránṣọ ni mo fi ń gé ẹyin sísè. Ẹyin kan sí méjì ni mo ń gé e tẹ́lẹ̀, nígbà tó yá ó di mẹ́rin. Lọ́sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún mo gé e sí mẹ́fà, pupa inú rẹ̀ fọ́n ká bíi gààrí, funfun rẹ̀ wá fẹ́lẹ́ débi pé nígbà tí èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ ọmọ mi tú ewé tirẹ̀, ó ní, "Màámà àgbà, ẹyin ẹ̀ dà?" Mo ní kó jẹ ẹ́ tán, yóò rí i.

Nígbà tí àwa wà lọ́mọdé, àwọn ìyá wa kì í fún ọmọ lẹ́yin jẹ, wọ́n ní á sọ ọ́ dolè. Àwọn elétò ìlera jà fitafita kí wọ́n tó gbà pé irọ́ ni, pé ẹyin kan ní tó gíráàmù 6 prótéènì nínú, pé òun ni ẹran tálákà. Èmi gan-an fi ẹfun kọ ọ́ sójú pátákó àìmọye ìgbà. Ṣé ẹ rí i báyìí, ẹ̀rù olè ti tán fún àwọn ọmọ wa, kò sí ẹyin tí yóò sọ wọ́n dà á. Àwọn olè tí mo sì mọ̀ nílùú yìí, ẹyin kọ́ ló bà wọ́n jẹ́.

Ohun tó ń bí mi nínú jù lọ rèé, mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà: bí nǹkan bá wọ́n lónìí, ẹyin á gòkè lọ́la, bí nǹkan náà bá wálẹ̀, ẹyin ò mọ ọ̀nà ilẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, wọ́n ní ọkọ̀ ló wọ́n, ẹyin gòkè. Dọ́là gòkè, ẹyin tẹ̀ lé e. Àgbàdo wọ́n, ẹyin tún gòkè. A gbà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àgbàdo lè wọlé láti òkè òkun fún 150 ọjọ́ láìsan owó ibodè. A pàtẹ́wọ́, a ní ẹyin á wálẹ̀. Lọ́dún 2025, owó àgbàdo wá já wálẹ̀ lóòótọ́, débi pé àwọn àgbẹ̀ tó gbìn ín ń ké pé àwọn ti jẹ gbèsè. Ẹyin ńkọ́? Bí ẹni tó gun àgbọn tó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn tó ń sin adìẹ ni mò ń bá wí. Ọmọ kan tí mo kọ́ ní kíláàsì ìkẹrin ń sin adìẹ ẹlẹ́yin lójú ọ̀nà Ìta-Ògbólú, òun ló jókòó ṣe ìṣirò fún mi. Adìẹ kan ń jẹ bíi gíráàmù 110 sí 120 lóòjọ́. Ọgọ́rùn-ún adìẹ kò lè fi àpò oúnjẹ oní-kílò 25 kan jẹ ju ọjọ́ méjì lọ. Tó bá ra òròmọ, yóò bọ́ ọ fún nǹkan bí oṣù márùn-ún kó tó rí ẹyin àkọ́kọ́, ìyẹn náà sì máa ń kéré bí ẹyin ẹyẹlé. Lórí gbogbo owó tó ń ná, oúnjẹ nìkan ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Ó tún rán mi létí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó tí náírà fi dàwátì, tí ẹyin kún ilẹ̀ lóko tí kò sẹ́ni tó lówó lọ́wọ́ láti rà á. Ó ní òun gbé ẹyin kiri ilé àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì òun pé kí wọ́n ṣáà gbà, kí wọ́n san án nígbà tó bá yá. Àwọn kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà ta gbogbo adìẹ wọn fún àwọn ẹlẹ́ran, wọn ò sì padà sídìí ẹ̀ mọ́. Èmi ò lè bínú sírú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ gbọ́ iye tó ń tà á. 5,200 náírà ni kíréètì kan lẹ́nu ọ̀nà oko rẹ̀. Kíréètì kan náà, tó bá dé ìsọ̀ Òkè-Àró, tí wọ́n ń tà á lẹ́yọ lẹ́yọ ní 250, ó ti di 7,500. Irú òògùn ìdàgbàsókè wo ni wọ́n fún ẹyin lójú ọ̀nà?

Mo lọ bá ìyàwó kan tó ń ta ẹyin ní kíréètì kíréètì ní Ọjà Ọba. Mo rò pé á bínú sí mi, àmọ́ ó fà mí ní àga. Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó na tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sí mi, ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀kan pupa, ọ̀kan aláwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta ti ṣá débi pé mi ò lè ka nǹkan kan níbẹ̀ àfi "owó ìmọ́tótó". Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó kún fún ọ̀rá la jókòó sí tí mo ti ń kà á. Ó ní èyí tí wọn kì í fún òun níwèé pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń fún òun níwèé lọ, pé bí òun bá jiyàn, wọ́n á ní kí awakọ̀ gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú oòrùn, oòrùn sì mọ ohun tó ń fi ẹyin ṣe. Kò sẹ́ni tó máa san gbogbo ìyẹn tí kò ní fi lé orí ọjà. Èmi àti ọmọ ọmọ mi gan-an la ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì náà.

Àwọn aláṣẹ ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ń ṣèpàdé lórí bí oúnjẹ ṣe wọ́n, ẹyin díndín ni wọ́n sì fi ń jẹ búrẹ́dì níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀kan nínú wọn lórí rédíò tó ń gbà wá níyànjú pé kí olúkúlùkù máa sin adìẹ méjì mẹ́ta sẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yìnkùlé wo? Ilé àyágbé tí kòtò ìdọ̀tí àti ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ àwọn ayálégbé mẹ́fà ti gbà tán? Onílé tó ní kí n má gbin ewédú ni yóò gbà kí àkùkọ máa kọ ní aago mẹ́rin ìdájí? Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ báyìí, mi ò rò pé wọ́n mọ iye tí ẹyin jẹ́. Ẹ bi èyíkéyìí nínú wọn tẹ́ ẹ bá pàdé. Bí nǹkan bá wọ́n, wọ́n á sọ̀rọ̀. Bí nǹkan náà bá wálẹ̀ tí ẹyin ò wálẹ̀, ẹnu wọn á wọmi.

Nísinsìnyí, ohun tí àwa ń ṣe ládùúgbò wa ni mo fẹ́ kí àwọn ẹlòmíì gbọ́. A ní àjọ ẹyin. Agbolé méjìlá ni wá. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, olúkúlùkù á mú owó kíréètì kan wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan (èmi ni mo ń kọ ọ́, iṣẹ́ olùkọ́ kì í tán lára), nígbà tó bá di ìdájí Sátidé, ẹni méjì á wọ kòròpé lọ sí oko ọmọ tí mo kọ́ yẹn. Àlọ àti àbọ̀, 6,000 náírà ni awakọ̀ ń gbà, 500 ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi lé 5,200, ó di 5,700. Ẹyọ kan já sí 190. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 250 kẹ́ ẹ wo nǹkan tó ṣẹ́kù: lórí kíréètì kan, 1,800 náírà ló wà nínú àpò ìyá ọlọ́mọ. Ìyẹn ti ra ẹ̀wà.

Ọ̀nà wà tí a ń gbà ṣe é o. Kíréètì oníke ni kẹ́ ẹ mú lọ, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, torí olóko kì í jẹ́ kí wọ́n gbé kíréètì onípáálí tó ti kiri ọjà wọ oko rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni àrùn ti ń wọlé. Òun gan-an ò jẹ́ ká dé ibi tí adìẹ wà. Ní ẹnu ọ̀nà, a ó ti ẹsẹ̀ bọ omi apakòkòrò, a ó sì dúró síbẹ̀. Ẹ tan iná fóònù sí ẹ̀yìn ẹyin kẹ́ ẹ tó gbà á, ìlà tó sán máa ń hàn fínnífínní. Ẹ má kọ ẹyin tó sán, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tà á fún yín ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà. Oníkéèkì tó wà láàárín wa ló máa ń kó tiwa. Ẹyin kékeré, ti adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, máa ń pọ́ọ́kú ju ti ńlá lọ, adùn rẹ̀ ò sì yàtọ̀.

Ìjà wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, n kò ní pa irọ́. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ kíréètì tí ẹyin rẹ̀ tóbi. A wá ń ṣẹ́ gègé: màá kọ 1 dé 12 sí bébà, màá ká wọn sínú fìlà bàbá kan, kóńkó jabele. Lọ́jọ́ kan, kòròpé bọ́ sí kòtò lójú ọ̀nà, ẹyin mọ́kànlá fọ́. A ò mọ ti ta ni. A da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan lẹ́nu ọ̀nà mi, a fi ata àti àlùbọ́sà dín in, gbogbo ọmọ àdúgbò ló jẹ nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ọmọ tó bèèrè ẹyin lọ́wọ́ mi nínú mọ́ínmọ́ín rí ẹyin jẹ.

Bí ó bá ṣe pé àwọn aláṣẹ fẹ́ ṣe nǹkan kan, kí wọ́n fún wa ní pápá kan láàárín ìlú ní àárọ̀ Sátidé, kí àwọn tó ń sin adìẹ gbé ẹyin wọn wá fúnra wọn, kí ẹnikẹ́ni má já tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n ra àgbàdo pamọ́ nígbà ìkórè. Kí wọ́n dí kòtò tó wà lójú ọ̀nà oko.

Ẹ lè máa bi mí pé bí mo bá wà nínú àjọ, kí ló gbé mi dé ìsọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Àlejò mẹ́ta dé láti Oǹdó lọ́jọ́ Ajé, ẹyin mi tán kí Sátidé tó pé. Sátidé yìí ni a tún ń lọ, aago mẹ́fà àárọ̀ ni kòròpé ń gbéra lẹ́nu ọ̀nà mi. Bí Olóòtú bá fẹ́ dá sí i, àyè ẹnì kan ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó mú kíréètì tirẹ̀ wá, tiwa ò kárí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.