Ta ló ń gba ₦80,000 yìí gan-an?

Sí Olóòtú,

Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé kálàmù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú àwọn aláṣẹ wa lórí rédíò. Ó ní ọ̀rọ̀ owó-oṣù tó kéré jù lọ ti parí ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ń gba ₦80,000, kí ará ìlú lọ fọkàn balẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ kẹ̀? Òṣìṣẹ́ wo?

Ọmọbìnrin kan wà ládùúgbò wa ní Mọ́níyà tó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan. Ó ní ìwé ẹ̀rí NCE. Aago méje àárọ̀ ti máa ń bá a lẹ́nu iṣẹ́, kì í sì í kúrò níbẹ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. ₦28,000 ni wọ́n ń san fún un lóṣù, oṣù mìíràn á sì ti wọnú oṣù kí áláàtì tó dé. Tó bá yọ owó ọkọ̀ kúrò, èyí tó kù kì í tó ìdajì. Bí ilé-ìwé bá lọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, kọ́bọ̀ kò ní wọlé. Bàbá àgbàlagbà tó ń ṣọ́ géètì ibẹ̀ ń gba ₦20,000. Ṣé àwọn wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ni?

Ohun tí wọn kì í sọ lórí rédíò ni pé òfin fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún ìyà yìí. Òfin owó-oṣù ti ọdún 2019 sọ ọ́ kedere pé ibi iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu àtúnṣe òfin náà lọ́jọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 2024, wọ́n gbé iye owó kúrò ní ₦30,000 sí ₦70,000, wọ́n ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò dípò márùn-ún. Wọn kò fọwọ́ kan 25 yẹn. Ìpínlẹ̀ wa fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé e, Èkó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lé e, Ògùn sọ tirẹ̀ di ₦77,000, ariwo sì gba ìlú kan. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jẹ níbẹ̀.

Ẹ ka àwọn ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sọ fún mi, mélòó nínú wọn ló ní òṣìṣẹ́ 25? Àwọn tó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá ń dọ́gbọ́n. Mo mọ ilé-ìwé kan tó pín ara rẹ̀ sí mẹ́ta lórí ìwé: jẹ́léósinmi lọ́tọ̀, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, girama lọ́tọ̀. Géètì kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, àpò kan náà ni owó ilé-ìwé ń wọ̀.

Mi ò bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jà o. NLC àti TUC yanṣẹ́ lódì ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ₦615,000 ni wọ́n sì kọ́kọ́ béèrè. Ṣùgbọ́n olùkọ́ aládàáni kò ní ẹgbẹ́ tó ń gbèjà rẹ̀. Bó bá yanu sọ̀rọ̀ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á ní kó máa lọ, torí àwọn tó ń wáṣẹ́ pọ̀ lẹ́nu géètì.

Àwọn tó dàgbà nígbà ìjọba Shagari rántí pé ₦125 ni wọ́n fi lélẹ̀ lọ́dún 1981. Náírà ń borí dọ́là nígbà náà, torí náà owó yẹn ju dọ́là 125 lọ. ₦70,000 tí wọ́n buwọ́ lù ní 2024 kò tó àádọ́ta dọ́là. Ẹni tó gbà á ò tíì jẹun yó, áńbọ̀sì ẹni tí wọ́n ń fún ní ₦28,000.

Tí a bá kígbe, èsì tí à ń gbà láti ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ ní Agodi ni pé Àbújá ló ni ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni, ìwé òfin ọdún 1999 fi í sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fún ilé-ìwé aládàáni níwèé àṣẹ? Ta ló ń gbé iṣẹ́ ìgbálẹ̀ àti iṣẹ́ ọlọ́dẹ ọ́fíìsì ìjọba fún agbaṣẹ́ṣe? Ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Kí wọ́n sọ ọ́ di ìlànà pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun gbọ́dọ̀ mú àkọsílẹ̀ báńkì wá, tó ń fi iye tó san fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn. Wọn ò gbọdọ̀ gba ìwé tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí nìkan, torí wọ́n ń mú àwọn èèyàn fọwọ́ sí owó tí wọn kò rí gbà. Kí alábẹ̀wò pe àwọn òṣìṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, níbi tí ọ̀gá wọn kò sí. Mo mọ̀ pé owó kò sí lọ́wọ́ àwọn ilé-ìwé kéékèèké kan lóòótọ́. Kí wọ́n fún irú wọn ní ọdún méjì láti máa gun owó-oṣù tó kéré jù lọ náà díẹ̀díẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó ń náwó ìjọba kò ní àwáwí kankan. Kí wọ́n kọ iye tí ọlọ́dẹ àti agbálẹ̀ yóò gbà sínú ìwé àdéhùn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó-oṣù tálákà dín iye owó tó bù fún iṣẹ́ kù kó lè rí iṣẹ́ gbà.

Tí àtúnyẹ̀wò bá dé ní 2027, kí 25 yẹn di 5. Kí àwọn òbí náà máa béèrè iye tí olùkọ́ ọmọ wọn ń gbà.

Èyí tó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ kò nílò àṣẹ Àbújá. Kí àwọn aṣòfin wa fi lélẹ̀ kí sáà ẹ̀kọ́ tuntun tó wọlé ní oṣù Kẹsàn-án.

Òǹkàwé yín,
Mọ́níyà, Ìbàdàn