Ẹ gbé ṣaǹpéènì yẹn kúrò lórí rúùmù díváídà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín kí n tó kọjá sí London, ní báyìí àbúrò mi ló máa ń ya fọ́tò ojú ewé ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtàǹpàkò ẹ̀ máa ń bo ìlà kan tàbí méjì nínú ọ̀rọ̀ yín, màá wá máa rò ó lọ́kàn ara mi ohun tó wà níbẹ̀.

Ohun tó mú mi kọ̀wé lónìí ni nǹkan tí ẹnì kan kọ sí abala fàájì yín lọ́jọ́sí, níbi tó ti ní bí ṣaǹpéènì bá ṣe ń pẹ́ sí i ló ń dùn sí i, pé kí ẹni tó bá ní igo kan nílé má kánjú ṣí i. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, díẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń ba ọtí ọlọ́tí jẹ́. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá wáìnì hòtẹ́ẹ̀lì kan níbí, èmi ni mo ń to igo, èmi ni mo ń gbé e gòkè fún àwọn tó ń jẹun, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan wọ́n á ní kí n tọ́ díẹ̀ wò nínú èyí tí owó oṣù mi ò lè rà láéláé, torí náà mi ò sọ àgbọ́sọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ara igo. Àgbègbè kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ṣe ṣaǹpéènì tòótọ́, òun náà ni Champagne, ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, níbi tí ìlú Reims àti Épernay wà, èyí tó bá ti ibòmíì wá, bó ti wù kó máa hó tó, orúkọ míì ló ń jẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń kó jáde níbẹ̀ kì í ní ọdún kankan lára, wáìnì ọdún bíi mélòó kan ni wọ́n pò pọ̀, òfin wọn ní kò gbọdọ̀ kúrò lábẹ́ ilẹ̀ kí oṣù 15 tó pé. Ìyẹn ti ṣe tán lọ́jọ́ tí ẹ rà á, ẹ mu ún jàre. Èyí tí wọ́n ń pè ní fíńtéèjì ló yàtọ̀, èso ọdún kan péré ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á tẹ ọdún náà sára igo, kò sì gbọdọ̀ jáde kó tó pé ọdún 3, àwọn ilé iṣẹ́ míì tiẹ̀ máa ń fi í sílẹ̀ fún ọdún 8 tàbí 10. Kì í ṣe ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é o. Ọdún tí oòrùn àti òjò bá gbọ́ra wọn yé ni, irú bíi 1988, 1990, 1996, 2002, 2008.

Ẹni tó bá mọ ẹmu á fẹ́ bi mí pé báwo ni, ẹmu àárọ̀ ń kan kó tó di ìrọ̀lẹ́, kí ló wá dé tí eléyìí fi ń lo 30 ọdún. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n á kọ́kọ́ ṣe wáìnì lásán, wọ́n á rọ ọ́ sínú igo, wọ́n á fi ṣúgà díẹ̀ àti yíìsì sí i, wọ́n á dé e pinpin, yíìsì á máa jẹ ṣúgà, gáàsì tí kò ríbi gbà jáde á wọnú wáìnì lọ, agbára ẹ̀ á ju ìlọ́po méjì èyí tó wà nínú táyà mọ́tò. Tí yíìsì bá jẹ ṣúgà tán, ó kú nìyẹn, á rọ̀ sísàlẹ̀. Orí òkú yẹn ni wáìnì náà á wá sùn lé fún ọdún gbọọrọ, òun ló ń fún un ní òórùn búrẹ́dì, òun náà ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí i bà jẹ́.

Tí àkókò bá tó, wọ́n á to igo sára pátákó oníhò, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa dorí ẹ̀ kodò títí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á fi kó sọ́rùn igo, wọ́n á ki ọrùn yẹn bọ omi tó tutù ju yìnyín lọ, wọ́n á ṣí i, gáàsì á ta gbogbo ìdọ̀tí tó ti dì yẹn síta lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ obìnrin opó kan ni wọ́n ní ó kọ́kọ́ dá pátákó yẹn sílẹ̀ ní nǹkan bí 1816. Ọmọ ọdún 27 ni nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú ní 1805, ó sì di iṣẹ́ ọkọ ẹ̀ mú. Veuve tí ẹ ń rí lára igo Veuve Clicquot yẹn, opó ló túmọ̀ sí, ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa tó ń bèèrè ẹ̀ ní òwàmbẹ̀ ò mọ̀ pé ìyá opó làwọn ń ké pè.

Èmi fúnra mi ò gbà pé àrà kankan wà nínú ṣaǹpéènì àgbà títí di 2017. Àlejò kan ló ra igo 1996 kan, ó mu gíláàsì méjì, ó sanwó, ó bá tiẹ̀ lọ, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ọ̀gá mi, obìnrin ọmọ Faransé kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí àmọ́ tí imú ẹ̀ ju ti ajá ọdẹ lọ, pè mí wá sẹ́yìn. Mo na gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn yẹn sí i, èyí tí gbogbo ayé fi ń mu ṣaǹpéènì, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú gíláàsì wáìnì funfun tó níkùn, ó ní imú mi ò ní ráyè wọlé nínú tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Kò tó ìdajì tó rọ sí i. Igo náà ò tutù bí èyí tó ń ti fíríìjì bọ̀, ìwọ̀n Celsius 10 sí 12 ló wà, ó ní tí ó bá tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn ẹ̀ á sá pamọ́. Ó ní kí n má tíì mu.

Mo wo àwọ̀ ẹ̀. Kì í ṣe àwọ̀ koríko gbígbẹ tí mo mọ̀ mọ́ ṣaǹpéènì, àwọ̀ oyin ni. Ìhó ẹ̀ ò pariwo, wẹ́wẹ́ báyìí, ó ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan bíi ti omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná nínú ìkòkò. Mo fi imú sí i, òórùn olú ló kọ́kọ́ jáde, olú àti ilẹ̀ oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí ẹ̀, mo ní nínú ara mi pé ó ti bàjẹ́ nìyí. Ó ní kí n fi sílẹ̀ kó mí. A bá ń nu gíláàsì àwọn àlejò lọ, bí ìṣẹ́jú 15, mo padà sídìí ẹ̀. Ẹ gbà mí o! Búrẹ́dì tí wọ́n yan tí etí ẹ̀ fẹ́ jó, ẹ̀pà yíyan, oyin, kófì díẹ̀ tó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Mo wá mu ún. Kíkan ẹ̀ ló kọ́kọ́ gbá mi létí ahọ́n, bíi ti àgbálùmọ̀ tí kò tíì pọ́n tán, lẹ́yìn ọdún 21 o, ọ̀gá mi ní ohun tí wọ́n mọ 1996 mọ́ nìyẹn, ọdún tí kíkan èso àti ṣúgà inú ẹ̀ jọ ga pọ̀, pé kíkan yẹn ni eegun tó gbé e dúró. Adùn ẹ̀ wá rọra tẹ̀lé e, kò sì tètè lọ, mo gbé tiréè gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo kó abọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu mi.

Ẹni tó bá rò pé ọdún 21 pọ̀, kó gbọ́ ti erékùṣù Åland tó wà láàárín Sweden àti Finland. Ní 2010 àwọn òmùwẹ̀ rí ọkọ̀ ojú omi kan tó rì sísàlẹ̀ òkun Baltic, igo ṣaǹpéènì 168 ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ti lo nǹkan bí 170 ọdún nínú omi, ti opó yẹn wà lára wọn. Philippe Jeandet ti Yunifásítì Reims àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbé e jáde ní 2015 pé ṣúgà inú ẹ̀ sún mọ́ gíráàmù 150 nínú lítà kan, bẹ́ẹ̀ èyí tí wọ́n ń pè ní brut lónìí kò gbọdọ̀ tó 12, àṣé àwọn èèyàn ìgbà yẹn máa ń mu ṣúgà bí ẹni tó ń mu gàrí. Wọ́n ní tí wọ́n kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀, ó ń rùn bí ẹranko, bí irun tí omi rin, àmọ́ nígbà tí wọ́n yí i nínú gíláàsì tí afẹ́fẹ́ kàn án, ó di òórùn èéfín àti awọ, èso àti òdòdó náà sì yọjú. Wọ́n ta igo kan nínú ẹ̀ ní 30,000 euro ní 2011. Òkùnkùn àti òtútù ló tọ́jú ẹ̀, ìwọ̀n 2 sí 4, tọ̀sán tòru, fíríìjì tí NEPA ò lè mú iná ẹ̀ lọ. Ní Reims náà, inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sísàlẹ̀ ilẹ̀ ẹfun ni ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́jú igo wọn sí, ooru ibẹ̀ kì í yí padà láti January dé December.

Ẹ wá jẹ́ n sọ tilé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ní Ìbàdàn ra igo fíńtéèjì 1990 méjì nígbà tí wọ́n ń ti London bọ̀ ní 1997, mi ò ní dárúkọ ilé tó ṣe é torí ẹ̀bi wọn kọ́. Ọdún 1990 yẹn ni wọ́n bí àkọ́bí wọn obìnrin, wọ́n ní ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ làwọn máa ṣí i. Orí rúùmù díváídà ló wà látọjọ́ náà, láàárín fọ́tò ọjọ́ tí wọ́n jáde yunifásítì àti aago kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó kọjú sí wíńdò, oòrùn ọ̀sán á pa á, ooru ẹ̀ẹ̀rùn á bá a níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì láti ẹ̀yìn ògiri. Àwa ọmọ ilé ò gbọdọ̀ fi ṣeré, àmọ́ àwa la máa ń nù ún ní gbogbo Sátidé, ó wá ń dán ṣáá.

Ìgbéyàwó dé ní 2019. Alága ìjókòó pe gbogbo ayé jọ, ó ní ọtí yìí àti ìyàwó, ẹgbẹ́ ni wọ́n, gbogbo fóònù dìde. Wọ́n tú wáyà orí ẹ̀, gbogbo wa ń retí kó dún gbàà, kọ́ọ̀kì bá wọ́ jáde wẹ́rẹ́ bí eyín ọmọdé tó ti mì tẹ́lẹ̀, kò dún rárá. Ohun tó tú jáde pọ́n bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, kò hó, ó ń rùn bí ọtí kíkan àti páálí tí òjò pa. Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e fún. Wọ́n tọ́ ọ wò, ojú wọn yí, wọ́n gbé e mì, wọ́n wá kígbe pé, "Háà! Ó ti gbó!" Gbogbo ìdílé mu, gbogbo ìdílé ní ó dùn. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni, mo ní ó dùn. Ìyàwó nìkan ló rọra da tiẹ̀ sídìí òdòdó.

Ọdún 1990 yẹn dára o, mo ti rí ẹgbẹ́ ẹ̀ níbí tó ṣì ń dán bíi wúrà. Ooru ló pa ti Bàbá, oòrùn sì bá a parí ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ nìkan tó ba ṣaǹpéènì jẹ́, pàápàá èyí tó wà nínú igo funfun tó mọ́ gaara, ẹ wo Cristal ti Louis Roederer, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún ọba Rọ́ṣíà ní 1876, ọ̀rá aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi ń wé e títí dòní kí ìmọ́lẹ̀ má bàa rí i. Torí náà kí òǹkọ̀wé yín bá wa fi kún ọ̀rọ̀ ẹ̀ pé ẹni tí kò bá níbi tó tutù tó ṣókùnkùn, tí iná ò ti ní máa lọ ní gbogbo ìgbà, kó mu ún lọ́dún tó rà á. Ẹni tó bá níbẹ̀, kó wo ẹ̀yìn igo, àwọn ilé míì máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀ síbẹ̀, torí èyí tó pẹ́ lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kó tó jáde máa ń ṣara gírí ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ, òun ni ilé iṣẹ́ Bollinger fi ń ṣe R.D. tiwọn, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹ̀. Tí ẹ bá sì fẹ́ ṣí i, ẹ di kọ́ọ̀kì mú, igo ni kí ẹ máa yí, kó mí fììì, kò pọn dandan kó lu àjà.

Olóòtú mi, mo ti sọ pé igo méjì ni Bàbá rà. Ìkejì ṣì wà lórí rúùmù díváídà yẹn, wọ́n ní ti ọmọ ọmọ àwọn ni, ọmọ náà pé ọdún 3 lóṣù tó kọjá, Bàbá sì ti ń sọ̀rọ̀ ọjọ́ tó máa jáde yunifásítì. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Èmi tí mo ní ó dùn ní 2019? Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ra ìwé ìròyìn yín, látorí ojú ewé àkọ́kọ́ dé orí ìkéde òkú ni wọ́n ń kà á, eré bọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n máa ń fò, torí náà ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ lẹ́tà yìí sítòsí bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì fi orúkọ mi sí i. Tí wọ́n bá pè mí lórí fóònù, màá ní èmi kọ́, pé ilé tó ní rúùmù díváídà pọ̀ ní Ìbàdàn.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń to igo, London