Ṣadé, bá mi wá fọ́tò yẹn

Ṣadé mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ojú Màmá tí wọ́n ṣe ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń ka Bíbélì wọn padà? Àwa wà o, Tọ́lá ti wọ yunifásítì, Bíọ́dún bí obìnrin, màá sọ ìyókù lórí fóònù, èyí ò lè dúró.

Wọ́n ti ta ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ran tó wà ní kọ́nà yẹn ní Peckham, ní London níbí, ibi tí a ti máa ń ra ṣàkì. Lánàá làwọn òṣìṣẹ́ já sáìnbọ́ọ̀dù ike yẹn sílẹ̀, Ṣadé, mo kígbe lójú títì! Táìsì aláwọ̀ ewé ló wà lábẹ́ ẹ̀, ó ń dán bí ewé kókò tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, orí akọ màlúù wà láàárín, wọ́n fọwọ́ yà á ni, irun iwájú orí ẹ̀ ká wọnú ara wọn, imú ẹ̀ ń dán. Ṣùgbọ́n ìṣó tí wọ́n fi kan ike yẹn mọ́ ògiri ti gba etí òsì ẹ̀ kọjá. Ó dùn mí wọra.

Láyé Ọba Edward, nǹkan bí 1901 sí 1910, ìta ni ọ̀pọ̀ ẹlẹ́ran ìlú yìí ń fi ìkọ́ so ẹran rọ̀ sí. Ẹ̀jẹ̀ ò lè wọnú táìsì, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó, oníbàárà tó bá sì rí i pé ògiri mọ́ á gbà pé ẹran náà mọ́. Àmọ́ ṣé torí ìmọ́tótó nìkan ni wọ́n ṣe ya òdòdó yí i ká? Rárá o, wọ́n ń fi iṣẹ́ wọn yangàn ni. Ó máa yé Bàbá, àwọn tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kan ẹran tí wọ́n bá ti tò tán ní Bódìjà. Stoke-on-Trent ni wọ́n ti ń ṣe irú táìsì yìí gan-an, ibẹ̀ ni iléeṣẹ́ táìsì Minton Hollins wà, wọ́n á pín àwòrán kan sórí táìsì púpọ̀, wọ́n á sun ún níná, tí ọ̀kan bá ti fọ́, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ní Paris, tàwọn tó ń ta ẹran ẹṣin ló jọ mí lójú jù. Ìjọba fọwọ́ sí òwò yẹn ní 1866, orí ẹṣin aláwọ̀ góòlù ni wọ́n sì ń gbé sókè ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ṣì wà ní rue Vieille-du-Temple, mósáìkì pupa, wọ́n kọ "Achat de chevaux" síbẹ̀, pé àwọn ń ra ẹṣin. Wọn ò ta ẹran níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ìjọba ò jẹ́ kí wọ́n wó iwájú ẹ̀.

Tiwa ńkọ́? Ẹni tó rà á fẹ́ fi ṣe ilé kọfí, gíláàsì ló fẹ́ fi ṣe gbogbo iwájú. Òṣìṣẹ́ kan ní Mọ́ńdè ni àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ kúrò. Oorun ò kùn mí.

Mo ti kọ̀wé sí kánsù, mo sì ń kọ sí Historic England, àjọ tó ń rí sí ilé àtijọ́, torí ẹnikẹ́ni ló lè ní kí wọ́n dáàbò bo ilé. Ẹ̀rí ló kù. Táìsì ìsàlẹ̀ fèrèsé, èyí tó ní àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì bò ó lẹ́yìn tí o lọ. Ọwọ́ ẹ ni fọ́tò ẹ̀ wà! Èyí tí o wọ búbá olómi ọsàn, tí o ní dandan kí bàtà ẹ hàn. Ọlọ́run ló fi bàtà yẹn sí ẹ lẹ́sẹ̀.

Jọ̀ọ́, wá a. Tó bá wà nínú fóònù àtijọ́ yẹn, gbé e lọ bá ọmọ tó ń tún fóònù ṣe, màá san owó ẹ̀. Ímeèlì ni kí o fi ránṣẹ́, WhatsApp máa ń jẹ́ kó ṣú. Kó tó di Sátidé o, ọ̀rẹ́ mi.

Ìyábọ̀