Àbẹ̀ní, Bí Ọ̀rọ̀ Àjàní Ṣe Jẹ́ Rèé

Houston, Texas
Ọjọ́ 14, Oṣù Kejìlá, 2025

Àbẹ̀ní ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ kí n tó sùn. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ohùn dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ̀rọ̀ títí tí n kò tíì dé orí kókó, mo pa á rẹ́, mo lọ wá ìwé àti bírò. Báwo ni àwọn ìbejì? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Bá mi kí wọn dáadáa.

O bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé Àjàní ọmọ mi ṣèlérí fún yunifásítì kan pé òun máa wá gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, tó tún yẹ àdéhùn, tí àwọn èèyàn wá ń bú u lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́ ni. Ó ṣèlérí, ó yí i padà, wọ́n sì bú u. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́, torí ìwọ lo gbé e jó lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó ń gbá, kì í ṣe èyí tí àwa mọ̀. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń jù ú. Iṣẹ́ ti Àjàní ni láti ṣọ́ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i gbá mọ́lẹ̀. Àwọn òǹwòran kì í sábà pe orúkọ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn àfi tó bá ṣe é tì. Iṣẹ́ yìí kan náà ni Olu Fashanu ṣe ní yunifásítì Penn State kí New York Jets, ẹgbẹ́ àwọn tó fi bọ́ọ̀lù yìí ṣe iṣẹ́ oúnjẹ, tó mú un ní ipò kọkànlá nínú àwọn ọmọ tí wọ́n ṣà lọ́dún 2024. Bàbá Àjàní gbọ́ orúkọ yẹn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà, wọ́n dìde dúró. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bá ọmọ lọ sí pápá.

Àwọn yunifásítì níbí a máa wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kiri láti ìgbà tí wọ́n ṣì wà ní ilé ìwé girama. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ní kíláàsì kọkànlá ni òfin ti gbà kí kóòṣì máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ. Àbẹ̀ní, ní òru ọjọ́ yẹn, fóònù Àjàní kò sinmi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún! Àwọn àgbà ọkùnrin tí owó oṣù wọn ju ti gómìnà lọ ń kọ̀wé sí i pé àwọn ń rò ó, pé báwo ni màmá rẹ̀. Ó ń ka gbogbo rẹ̀ fún mi ní ilé ìdáná, mò ń ro àmàlà, mo rí i pé ojú rẹ̀ ń tàn. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀.

Fi wé ètò ìgbéyàwó wa, ó máa yé ọ. Tí ọmọ bá sọ fún kóòṣì pé ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀, mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ nìyẹn: ẹbí ti rí ara wọn, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, gbogbo àdúgbò ti gbọ́, ṣùgbọ́n owó orí kò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ìbuwọ́lùwé, tí ọmọ máa fọwọ́ sí ìwé yunifásítì, gan-an ni ìdána. Tẹ́lẹ̀, Ọjọ́rú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì ni, ṣùgbọ́n láti 2017 wọ́n ti ṣí àsìkò mìíràn sílẹ̀ nínú oṣù Kejìlá, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ń gbà báyìí. Kódà ìwé tí wọ́n ti ń fọwọ́ sí láti 1964, wọ́n fagi lé e ní oṣù Kẹwàá 2024. Ìwé sikọ́láṣíìpù àti ti owó ló rọ́pò rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá wà láàárín mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ àti ìdána, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Kò de ọmọ. Kò sì de ilé ìwé náà, èyí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú u kò fẹ́ gbọ́.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún yìí ni a lọ wo ilé ìwé àkọ́kọ́. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbà wá bí ọba. Kóòṣì tó ń kọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Àjàní ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀ láìṣì í pè, ó ní "Ẹ káàárọ̀, Màmá," ó tẹrí ba. Ojú mi ṣe omi. Ní ọjọ́ kẹta, Àjàní wò mí, ó wo bàbá rẹ̀, ó ní ibí ni. Ó fún wọn lọ́rọ̀. Wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn olólùfẹ́ ilé ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú oríire, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn.

Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n lé ọ̀gá kóòṣì. Èyí tó ń kọ́ àwọn ti Àjàní náà bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹnikẹ́ni kò fi pè wá. Àjàní ń tẹ nọ́ńbà kóòṣì tó ń kí mi ní ẹ káàárọ̀, kò gbé e. Mo rí ọmọ mi tó ń gbé fóònù lọ sí ilé ìwẹ̀.

Ilé ìwé kejì, tí kò jìnnà sí wa ní Texas níbí, kò dákẹ́ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Pẹ̀lú bí ó ti gbà fún ẹlòmíràn, wọ́n ṣì ń kí i. Wọ́n ní kó wá wò wọ́n nínú oṣù Kọkànlá. Ó lọ. Nígbà tó padà dé, ó jókòó sí tábìlì, ó ní òun fẹ́ yí ọ̀rọ̀ òun padà.

Ìjà dé, Àbẹ̀ní. Bàbá Àjàní kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Pé bàbá tó bí àwọn kò kọ ìwé àdéhùn kankan láyé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fi ń yá a lówó ní ọjà Dùgbẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́. Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀, sà" lọ. Ní alẹ́ kejì ni bàbá rẹ̀ wọ inú yàrá rẹ̀, wọ́n bi í pé, "Ta lo fún lọ́rọ̀? Ṣé ilé ni àbí èèyàn?" Àjàní ronú pẹ́. Ó ní èèyàn ni. Ó ní ẹni tó ní kí òun máa bọ̀ ni òun dá lóhùn, ẹni náà sì ti lọ láìdágbére. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe mí kanlẹ̀.

Èmi ò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń pe àwọn ọmọ yìí ní ọ̀dàlẹ̀. Wo àwọn kóòṣì yunifásítì fúnra wọn. Nínú oṣù Kọkànlá 2021, Lincoln Riley fi Oklahoma sílẹ̀ lọ sí USC ní California. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Brian Kelly fi Notre Dame sílẹ̀ lọ sí LSU ní Louisiana. Ọdún yìí LSU lé Kelly, wọ́n sì mú Lane Kiffin láti Ole Miss, yunifásítì Mississippi, ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù Kọkànlá, ọjọ́ mẹ́ta péré sí ìbuwọ́lùwé, nígbà tí ẹgbẹ́ tó fi sílẹ̀ ń múra ìdíje àṣekágbá. Àwọn ọmọ tó ti gbà láti wá bá a ńkọ́? Penn State lé James Franklin nínú oṣù Kẹwàá, ó rí iṣẹ́ sí Virginia Tech, ọ̀pọ̀ ọmọ sì tẹ̀lé e lọ. Wọ́n ń bú àwọn kóòṣì náà, n kò ní sọ pé wọn kì í bú wọn. Ṣùgbọ́n lọ́yà ló kọ ìwé fún wọn, tí wọ́n bá lé wọn, owó ń tẹ̀lé wọn dé ilé. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Yíyí ọ̀rọ̀ padà kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí Àjàní. Ọ̀pọ̀ ló ka Travis Hunter sí ọmọ tó dára jù nínú àwọn tó ń jáde lọ́dún 2022. Ó ti gbà fún Florida State fún ohun tó ju ọdún kan lọ. Lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé nínú oṣù Kejìlá 2021, ó lọ sí Jackson State, ilé ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Mississippi, lọ́dọ̀ Deion Sanders tó jẹ́ kóòṣì ibẹ̀. Gbogbo Amẹ́ríkà ló mì. Nígbà tí Sanders lọ sí Colorado, ó bá a lọ, ó sì gba Heisman níbẹ̀ ní 2024, àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ẹni tó ta yọ jù nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní yunifásítì. Bryce Underwood, ọmọ Belleville ní Michigan, gbà fún LSU ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Kí ọdún tó parí, ó ti padà sí yunifásítì Michigan tó wà nítòsí ilé wọn. Ọmọ tiwa náà wà níbẹ̀: Adetokunbo Ogundeji ti gbà fún Western Michigan kí Notre Dame tó dé, Notre Dame ló sì lọ, kí Atlanta Falcons, ẹgbẹ́ bíi Jets, tó mú un ní 2021. Mo sọ èyí fún Bàbá Àjàní. Wọn kò fèsì, ṣùgbọ́n mo rí i pé wọ́n gbọ́.

Ṣé o rántí ọdún tí o kún fọ́ọ̀mù JAMB láti yí ilé ìwé padà? A tò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ wú. Kò sẹ́ni tó pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀.

Ti owó, n kò ní purọ́ fún ọ, ó wà níbẹ̀. Kí oṣù Keje 2021 tó dé, wọn kì í gbà kí ọmọ fi orúkọ ara rẹ̀ pa kọ́bọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ilé iṣẹ́ lè fún un lówó ìpolówó, nínú oṣù Kẹfà ọdún yìí sì ni adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí àwọn yunifásítì fúnra wọn máa sanwó fún àwọn eléré. Ó tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là tí ilé ìwé kan lè pín láàárín gbogbo eléré rẹ̀ ní sáà 2025 sí 2026 yìí. Ilé ìwé kejì fi díẹ̀ lé e ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ká ní kóòṣì àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, mo mọ ọmọ mi, kò ní tìtorí díẹ̀ yẹn kúrò.

Ohun kan ṣoṣo tí mo dúró lé lórí ni bí yóò ṣe lọ. Mo sọ fún un pé o lè yí i padà, ṣùgbọ́n o ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ibẹ̀ kà á lórí fóònù kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọmọ gìrìwò tó ń gbé ọkùnrin méjì dà sẹ́yìn! Ó ní òun lè kọ ọ́ ránṣẹ́. Mo ní rárá. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó ní kọ́là, ó jókòó sí pálọ̀, ó pe ẹni tí wọ́n fi dípò ọ̀gá kóòṣì, lórí fídíò. Èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó níbi tí a kò ti hàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe àti ìdí rẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwọ ni àkọ́kọ́ tó pè mí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ka ti àwọn yòókù." Ó ní kí orí rere bá a lọ. Bàbá Àjàní bọ́ síta. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọ wọn lórí.

Nígbà tí ó wá kéde rẹ̀, àwọn kan náà tó kí i kú oríire nínú oṣù Kẹfà ni wọ́n bú u. Wọ́n bú àwọ̀ rẹ̀, wọ́n bú orúkọ tí a sọ ọ́. Àgbà tó lọ́mọ nílé ń gbàdúrà kí orúnkún ọmọ mi fọ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò bá mi jiyàn.

Àbẹ̀ní, nǹkan kan wà tí n kò tíì sọ fún ẹlòmíràn. Ọmọ kan ti gbà fún ilé ìwé kejì ṣáájú Àjàní, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Òfin tuntun ní ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ ju eléré 105 lọ, ibẹ̀ ti ń kún. Lọ́sẹ̀ tí Àjàní gbà fún wọn, wọ́n ní kí ọmọ náà lọ wá ibòmíràn. N kò mọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń rí i nínú ọkàn mi, pẹ̀lú fóònù tí kò dún. Àjàní kọ́ ló lé e, mo mọ̀. Síbẹ̀, tí mo bá ń gbàdúrà lóru, mò ń fi ọmọ náà kún un.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù yìí, wọ́n tẹ́ tábìlì sí gbọ̀ngàn ilé ìwé wọn. Níbí, ọmọ á to fìlà oríṣiríṣi yunifásítì síwájú, á sì gbé ọ̀kan dé orí kí ayé lè mọ ibi tó ń lọ. Àjàní ní fìlà kan ṣoṣo ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí fìlà tiwọn tí òun tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá rẹ̀ wọ agbádá. Mo ya fọ́tò, ó wà nínú àpòòwé yìí.

Ó ń lọ nínú oṣù Kìíní, kó tó pé oṣù kan sí i. Wọ́n ní oúnjẹ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n máa ń ro àmàlà. Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ sí Houston lẹ́yìn Kérésìmesì, jọ̀ọ́, fi èlùbọ́ ránṣẹ́, ti Ṣakí, èyí tó dúdú dáadáa. Kó o sì fi ohùn tìrẹ ránṣẹ́ sí i fúnra rẹ. Ó ń bẹ̀rù pé o ń bínú sí òun.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Àjàní