Àbẹ̀kẹ́, má gbàgbé ẹ̀

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbóhùn mi lórí fóònù láti àná, mi ò sì bá ẹ wí. Lóru ọjọ́ Túsìdeè tó o pè mí tó ò ń sunkún, tó o ní sìkiọ́ríìtì mú ẹ nínú ṣọ́ọ̀bù ní Manchester pé o jalè, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bọ́ lẹ́nu èmi ìyá ẹ ni "ṣé kò sí nǹkan tó o mú ṣá?" Mo gbọ́ bó o ṣe dákẹ́. O ní "Mọ́mì, ó dàárọ̀", o sì gé fóònù. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bú ara mi, ìyẹn ni mo ṣe jókòó tẹ eléyìí sórí WhatsApp, ó máa gùn o, má kà á nínú bọ́ọ̀sì, dúró kó o délé.

Má bínú sí mi. Mo mọ ọmọ tí mo bí. Ẹ̀rù ló bà mí tí ẹnu mi fi yọ. Ìwọ náà mọ bí nǹkan ṣe rí nílé níbí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ olè ṣeré. Kí ẹnì kan na ìka sí èèyàn ní Gbági pé "olè!", kí ẹni yẹn tó la ẹnu wọ́n ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára ẹ̀, ẹlòmíì ti ń wá táyà kiri. O ṣì kéré nígbà tí wọ́n pa àwọn ọmọ yunifásítì mẹ́rin yẹn ní Aluu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Port Harcourt, oṣù kẹwàá ọdún 2012, wọ́n ní wọ́n jalè, wọ́n ò dúró gbọ́ tẹnu wọn. Fídíò yẹn dé orí fóònù gbogbo èèyàn. Fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn ẹ̀, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bọ̀ọ̀dá ẹ ò jáde nínú ilé yìí. Èèyàn tó ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tí wọ́n bá ti pe ọmọ ẹ̀ lólè, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni ká bẹ̀ wọ́n, ká tètè kúrò níbẹ̀, kó ṣáà ti tán. Ìyẹn ni mo ṣe sọ fún ẹ láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé kó o gbàgbé ẹ̀, kó o gbájú mọ́ ìwé ẹ.

Mo ti bá ọ́ńkù ẹ tó wà ní Peckham sọ̀rọ̀ báyìí. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn padà. Má gbàgbé ẹ̀.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kànlá ni ọ́ńkù ẹ fi ṣe iṣẹ́ sìkiọ́ríìtì kó tó lọ máa wa bọ́ọ̀sì. Àwọn èèyàn wa kún ìdí iṣẹ́ yẹn ní London, ẹni tó ní másítàsì ń bẹ níbẹ̀, pásítọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ó ní kí n ro gbogbo ẹ̀ látòkè, mo rò ó bó o ṣe rò ó fún mi, pé o ti lẹ́kíṣọ̀ dé, o yà láti ra òróró àti nọ́dù, ìpara irun ẹ wà nínú àpò kóòtù ńlá yẹn, o dé ibi tí wọ́n to ìpara sí lo bá yọ tìẹ jáde kó o fi wo iye tí wọ́n ń tà á lọ́dọ̀ wọn, o dá a padà sápò, o lọ sanwó òróró, ẹnu ọ̀nà ni ọkùnrin yẹn ti ní kó o tẹ̀lé òun. Ọ́ńkù ẹ dá mi dúró níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹni yẹn rí i nígbà tó mú nǹkan lórí sẹ́lífù?" Mo ní kò mú nǹkan kan lórí sẹ́lífù. Ó ní "Ẹn-ẹ́n."

Ó ní níbi tí wọ́n ti kọ́ àwọn níṣẹ́, wọ́n sọ ọ́ fún wọn léraléra ni, pé o gbọ́dọ̀ rí ẹni náà kó mú ọjà lórí sẹ́lífù, o gbọ́dọ̀ rí i kó fi pamọ́, ojú ẹ ò gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀, o gbọ́dọ̀ rí i kó kọjá ibi ìsanwó láì san án, kó sì jáde, kó o tó fọwọ́ kàn án. Tí ìkan bá já nínú ẹ̀, ki ọwọ́ ẹ bọ àpò ara ẹ. Ọwọ́ tó ń wọ àpò nìkan ni ọkùnrin tó mú ẹ rí. Ìrù ló rí, kò rí ẹran.

Ó tún sọ ọ̀rọ̀ òfin tó yà mí lẹ́nu. Ó ní sìkiọ́ríìtì ò ní agbára ọlọ́pàá rárá, pé òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1984 tí wọ́n fi ń mú èèyàn níbẹ̀, agbára tó fún sìkiọ́ríìtì náà ló fún ẹnikẹ́ni tó ń rìn lọ lójú títì. Ó ní ẹjọ́ kan wà lọ́dún 1992, ṣokoléètì kan ṣoṣo ló fà á o, wọ́n lé ọkùnrin kan mú pé ó jí i, òun náà bá wọn jà, nígbà tó dé kóòtù wọ́n ní kò jalè, àwọn adájọ́ kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí olè jíjà kankan nílẹ̀, àwọn tó mú un ò lẹ́tọ̀ọ́ láti mú un, wọ́n sì fagi lé ẹ̀sùn ìjà tó wà lọ́rùn ẹ̀. (Èyí ò sọ pé kí ìwọ náà na ẹnikẹ́ni o! Tí wọ́n bá dá ẹ dúró lọ́jọ́ mìíràn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, má jà, má sá, dúró bí òpó.)

Ọ̀rọ̀ báàgì ló dùn mí jù. O ní wọ́n ní kó o dà á sílẹ̀, o dà á, torí o rò pé ó pọn dandan. Kò pọn dandan. Tí o kò bá gbà, sìkiọ́ríìtì ò lágbára láti tú báàgì ẹ. O lè sọ pé "mi ò gbà, ẹ pe ọlọ́pàá wá, màá dúró dè wọ́n", kó o sì sọ pé o ò tẹ̀lé ẹnikẹ́ni wọ yàrá ẹ̀yìn, ibi tí àwọn oníbàárà wà tí kámẹ́rà wà ni kẹ́ ẹ ti jọ dúró. Sìkiọ́ríìtì tó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ sìkiọ́ríìtì ló gbé e wá síbẹ̀, tí kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù fúnra ẹ̀ ló gbà á síṣẹ́, gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní SIA, ó dẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í síbi tójú á ti rí i, nọ́ńbà wà lára ẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à ń ríran. Ó wù mí bó o ṣe rántí pé ogójì ìṣẹ́jú lo lò nínú yàrá yẹn láàárín àwọn páálí òfìfo. Rìsíìtì òróró yẹn ńkọ́? Aago tó o sanwó wà lára ẹ̀, jọ̀ọ́ ya fọ́tò ẹ̀ lónìí, irú ìwé yẹn máa ń tètè ṣí.

Báyìí, ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni kó o kọ ìmeèlì sí wọn, kó o kọ ọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, má jẹ́ kó di oṣù tó ń bọ̀, torí ọ́ńkù ẹ ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í tọ́jú fídíò kámẹ́rà wọn pẹ́, bí oṣù kan báyìí ni, wọ́n á pa á rẹ́. Sọ ọjọ́, sọ aago, sọ aṣọ tó o wọ̀, ní kí wọ́n fún ẹ ní fídíò ibi tó o ti wà nínú ẹ̀ àti ohunkóhun tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa ẹ, òfin ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ ẹ ni, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti fi ojú ẹ sínú irú kámẹ́rà tó ń dá ojú èèyàn mọ̀ yẹn, torí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ti ń lò ó níbẹ̀, ó sì ti ṣi àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ mú rí. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n yọ ẹ́ kúrò níbẹ̀ kíá. Lẹ́yìn náà kó o wá béèrè fún lẹ́tà àforíjì. Lẹ́tà o, mi ò fẹ́ "sọ́rì" tí mánéjà yẹn fi ẹnu sọ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tó ń wo fóònù ẹ̀.

Tó o bá rò pé torí àwọ̀ ara ẹ ni, o ní àwọn òyìnbó méjì tó wọ kóòtù ńlá bíi tìẹ kọjá lọ tẹ́nì kankan ò wò wọ́n, kọ ìyẹn náà síbẹ̀. Òfin ọdún 2010 wà níbẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù ò gbọdọ̀ ṣe irú ẹ̀. Tí èèyàn bá fẹ́ gbé e lọ sí kóòtù, oṣù mẹ́fà ó dín ọjọ́ kan ni, torí náà sàmì sí ọjọ́ yẹn lórí kàlẹ́ńdà ẹ. Mi ò ní kó o lọ sí kóòtù, mi ò dẹ̀ ní kó o má lọ. Àwọn Citizens Advice máa ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, kọ́kọ́ lọ bá wọn.

Ọkùnrin tó mú ẹ yẹn wá ńkọ́, tó o ní ọmọ wa ni, tó o ní nígbà tí mánéjà jáde ló rọra fi Yorùbá sọ fún ẹ pé "àbúrò, má bínú, iṣẹ́ ni"? Ọ́ńkù ẹ ò sọ̀rọ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀ yẹn. Nígbà tó yá ó ní òun náà ti sọ irú ẹ̀ rí. Mi ò ní kó o kórìíra ẹ̀. Àmọ́ tó bá mọ̀ pé ó yẹ kóun bẹ̀ ẹ́, ṣebí ojú mánéjà ló yẹ kó ti bẹ̀ ẹ́.

Ní tèmi, ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí, bàbá ẹ nìkan ló mọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

O mọ bí ṣọ́ọ̀bù wa ní Mọ́kọ́lá ṣe rí. Obìnrin mẹ́ta á wọlé pọ̀, ìkan á máa ná Bournvita tí kò ní rà, ìkan á ní kí n bá òun gbé páálí tó wà lókè pátápátá, kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àga ìkẹta ti ki mílíìkì bọ abẹ́ ìró. Lọ́jọ́ tí mo bá ka ọjà tí kò pé, oúnjẹ kì í lọ lọ́fun mi. Ìgbà yẹn o wà ní JSS2. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ, ọmọdébìnrin tí kò lè ju ọdún méjìlá lọ, wá ra Milo sáṣẹ́ẹ̀tì méjì. Bó ṣe ń yí padà ni mo rí Titus nínú ọ̀rá tó gbé dání. Mo wo sẹ́lífù, Titus mẹ́ta ti ku méjì. Mi ò bi í ní nǹkan kan, mo di ọrùn aṣọ ẹ̀ mú, mo pariwo. Ó ní ìsàlẹ̀ àdúgbò lòún ti rà á, kí n jẹ́ ká jọ lọ bi wọ́n. Mi ò lọ. Àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró, ìkan nínú wọn gbá a létí. Mo gba Titus, mo ní kó máa lọ, mo dẹ̀ rò pé àánú ni mo ṣe é.

Lálẹ́ mo ń ròyìn ẹ̀ fún bàbá ẹ. Ó ní, "Titus wo? Ṣé èyí tí mo fi jẹ búrẹ́dì láàárọ̀?" Agolo ẹ̀ wà nínú gàrawà ìdọ̀tí lóòótọ́. Mo dìde lọ gbé èyí tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn. O mọ̀ pé mo máa ń fi máákà pupa kọ iye owó sí ìdí gbogbo agolo mi. Mo yí i padà, ìdí ẹ̀ mọ́ fó. Ká ní mo ti yí i padà lọ́sàn-án ni.

O ní nígbà tí wọ́n ṣí ìpara ẹ lórí tábìlì, ó ti dé ìdajì, ipa ìka ẹ sì wà nínú ẹ̀. Wọ́n rí ipa ìka, wọ́n tún ní kó o da báàgì sílẹ̀, páàdì ẹ bọ́ sílẹ̀ lójú ọkùnrin méjì. Ibẹ̀ yẹn ni mo ti rántí Titus, oorun ò kùn mí mọ́.

Mi ò lọ bẹ ọmọ yẹn. Mo ní màá lọ lọ́la, ọ̀la di ọ̀sẹ̀, ojú ń tì mí. Ọmọ náà ò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá mọ́, òdìkejì títì ló ń gbà, pẹ̀lú igbá ẹ̀kọ lórí, títí wọ́n fi kó kúrò ládùúgbò.

Ìwọ náà ti ń gba òdìkejì títì báyìí, Àbẹ̀kẹ́. O ní o ti ń bọ́ kóòtù sílé nínú òtútù, o ní o ra ṣingọ́ọ̀mù lánàá, ìwọ tí o kì í jẹ ṣingọ́ọ̀mù, torí o ò fẹ́ jáde nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ òfo. Jọ̀ọ́, má ṣe é mọ́. Wọ kóòtù ẹ. Ki ọwọ́ ẹ bọ àpò ẹ. Tó o bá wọlé tí o ò rí ohun tó wù ẹ́, jáde. Àti ìpara yẹn, má jù ú nù bó o ṣe ní o fẹ́ jù ú, lò ó tán.

Mo ti ní kí Ìyá Sìkírá bá mi wádìí ibi tí Ìyá Ẹlẹ́kọ kó lọ. Ó ní wọ́n wà ní Yemẹtù, ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Sátidé ni mo ń lọ. Bàbá ẹ ní kí n mú páálí Titus kan dání, mo ní rárá, ẹnu mi ni mo máa kọ́kọ́ gbé lọ. Màá pè ẹ́ tí mo bá dé, ìwọ náà fi ìmeèlì yẹn ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kó o tó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Èmi ni,
Màmá ẹ